Ọ̀bẹ tí Omíyalé Kò Fẹ́ Fi Rúbọ

Omi-dákẹ́-kò-sùn, awo ìlú Ẹ̀bá-Ọ̀sà, ni ó dífá fún Omíyalé ní ọjọ́ tí Omíyalé rí ohun kan ní ìsàlẹ̀ omi tí kò sì mọ ohun tí í ṣe. Ní àkókò náà, ó ń sunkún ọkọ. Ó ń wo ojú ọ̀sà bí ẹni tí ń wo ojú ọ̀nà.

Omùwẹ̀ ni Omíyalé. Ìṣáwùrú ni ó ń ṣà lábẹ́ omi. Bí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, a máa já ewé ìbẹ́pẹ, a máa gé ewé orí rẹ̀ kúrò, a sì máa fi ọ̀pá rẹ̀ tí ó ní ihò sẹ́nu. Yóò da ojú bo omi, yóò máa fi ọ̀pá náà mí, yóò sì máa wo ìsàlẹ̀ títí yóò fi rí ohun tí ó ń wá.

Ẹjalónibú ni orúkọ ọkọ rẹ̀, apẹja tí ó wá láti òdìkejì ọ̀sà. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí ó ti gbé ọkọ̀ jáde ní òwúrọ̀ kan tí kò sì padà. Ìjì jà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nítorí èyí, gbogbo ìlú gbà pé omi ni ó gbé e lọ. Omíyalé nìkan ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò létí omi. Ọjọ́ márùn-ún ni Ẹjalónibú ti ń ti ojú omi dé lọ́wọ́ òfo. Omíyalé bínú, ó sì wí fún un pé, "Máa lọ. Bí o kò bá rí ẹja, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ojú rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kò lè pe ara rẹ̀ ní opó, kò sì lè pe ara rẹ̀ ní ìyàwó. Ó ṣì ń bu oúnjẹ sí àwo méjì.

Ní ọjọ́ kan tí omi mọ́ kedere, ó rí ohun náà lẹ́bàá gbòǹgbò igi tí ó wọ inú omi. Ó rí roboto, ó tóbi tó orí màlúù, ìkarahun wẹẹrẹ sì ti bò ó tán. Ó fi agbára gbé e wá sí etí omi. Àwọn ènìyàn pé lé e lórí.

Dékẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìkòkò ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ẹ gbé àáké wá!"

Ajíboyè, àgbàlagbà tí ń gbẹ́ ọkọ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìlẹ̀kẹ̀ bàbá ta ni? Orí erinmi ni."

"Baba, ẹ̀yin tí ẹ kò rí erinmi rí!"

"N kò rí ẹ̀yìn ọrùn mi náà rí. Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omíyalé kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ti inú omi jáde, ó lè jẹ́ ìròyìn. Ó kọ̀ kí wọ́n fi àáké kàn án, ó sì gba ọ̀dọ̀ awo lọ.

Awo ní, "Ifá sọ pé ohun tí o rí kì í ṣe aláìnílé. Má fọ́ ọ, má sì fi irin ha á. Rẹ ẹ́ sínú omi kànga fún ọjọ́ méje, yóò fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, dá a padà síbi tí o ti rí i. Ẹyẹlé méjì ni ẹbọ rẹ, àti epo, àti ọ̀bẹ tí ó wà lábẹ́ òrùlé rẹ. So ọ̀bẹ náà mọ́ ọn nígbà tí o bá ń dá a padà."

Ọ̀bẹ tí Ẹjalónibú fi ń la ẹja ni. Èèkù rẹ̀ ti gbó níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà máa ń dì í mú. Ojoojúmọ́ ni Omíyalé ń fi ọwọ́ tirẹ̀ sí ojú ibẹ̀.

"Baba, ẹ jẹ́ kí n mú ewúrẹ́ wá dípò rẹ̀."

"Ọmọ mi, Ifá kò pe ewúrẹ́."

Omíyalé rú ẹyẹlé, ó rú epo. Ó rẹ ohun náà sínú omi kànga. Àwọn ìkarahun náà ní ẹ̀mí, omi iyọ̀ ni wọ́n sì ń gbé; wọn kò lè gbé inú omi kànga. Wọ́n kú, wọ́n sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ keje, ohun náà fara hàn. Àwọ̀n ni, tí a ká jọ, tí a fi okùn dì ní kókó mẹ́ta. Àwọn ẹyọ amọ̀ sísun tí ń fa àwọ̀n lọ sísàlẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìka kan ti tẹ ojú amọ̀ nígbà tí ó tutù.

Láti kékeré ni ọmọ ìka ọwọ́ òsì Omíyalé ti wọ́, nítorí ọmọ odó tí ó já lé e. Ó fi ìka náà sínú ihò amọ̀. Ó wọ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ wọ́n fún ọkọ rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n fẹ́ ara wọn.

Dékẹ́mi dì mọ́ ọn. "Ọ̀rẹ́ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kí ọkàn rẹ lè sinmi."

Ajíboyè mi orí. "Ẹni tí omi ń gbé lọ, ìgbà wo ni ó ráyè so kókó mẹ́ta?"

Omíyalé kò mọ èyí tí yóò gbà. Ó dá àwọ̀n padà sí ẹ̀bá gbòǹgbò náà gẹ́gẹ́ bí Ifá ti wí. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀bẹ pamọ́. Ó rò ó pé bí ọkọ òun bá ti kú, ọ̀bẹ yìí nìkan ni ó kù fún òun. Bí ó bá sì wà láàyè, kí ni ọ̀bẹ yóò ṣe fún un nínú omi? Èrò yìí dà bí ọgbọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ojú Omíyalé tó nìkan ni ó fi ro gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò kọjá. Àwo méjì náà wà bí wọ́n ti wà. Nígbà tí ọdún yípo, Omíyalé tún lọ bá awo. Awo kò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ rárá. Ó kàn bi í pé, "Ọ̀bẹ ńkọ́?"

Omíyalé dìde. Ó padà sílé, ó yọ ọ̀bẹ lábẹ́ òrùlé, ó dì í mú pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ sẹ́nu, ó wọ omi lọ, ó sì so ó mọ́ kókó àárín.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó da ojú bo omi láti wò ó. Kò sí àwọ̀n, kò sí ọ̀bẹ. Iyanrìn nìkan ni ó rí, àti ojú ibi tí wọ́n ti wà. Ó gbé orí sókè pẹ̀lú igbe. Ọkọ̀ kan dúró lẹ́yìn igi náà. Ẹjalónibú jókòó sínú rẹ̀. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun. Àwọ̀n wà lórí itan rẹ̀, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Omíyalé wẹ̀ lọ bá a.

"Nílé wa," ni ọkùnrin náà wí, "ẹni tí a bá lé a máa ri àwọ̀n rẹ̀ sómi ní ìtòsí ilé. Bí aya rẹ̀ bá yọ ọ́ kúrò, ìgbéyàwó wọn ti parí nìyẹn. Mo wá ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mo bá a bí ẹni pé a ti yọ ọ́, tí a ti fọ̀ ọ́, tí a tún jù ú síbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè rò. Mo padà."

"Lónìí ńkọ́?"

"Mo rí ọ̀bẹ mi. Obìnrin tí kò bá fẹ́ kí n wá la ẹja fún òun mọ́, ṣé yóò dá ọ̀bẹ padà fún mi?"

Omíyalé di etí ọkọ̀ mú. "Bí o rí ẹja, bí o kò rí ẹja, wá sílé. Mo ti bu oúnjẹ rẹ."

Báyìí ni ẹbọ Omíyalé ṣe gbà. Ó gbé ewúrẹ́ tí Ifá kò pè lọ fún awo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ó ń yin awo, awo ń yin Ifá. Ẹni tí ó bá bi wá pé kí ni ọ̀bẹ ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ó rì sómi, èsì rẹ̀ nìyí: Omíyalé fẹ́ mọ ohun tí ó rí, Ifá sì ti mọ ẹni tí yóò padà wá wò ó. Ó rú díẹ̀ nínú ẹbọ, ó sì mọ orúkọ ohun náà. Ó rú ìyókù, ọkọ rẹ̀ sì wọlé. Ọdún kan tí ó wà láàárín méjèèjì, òun ni iye tí ó san fún ìmọ̀ràn tí ó gbọ́ ní ààbọ̀. Ire dé, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí ọkọ rẹ̀ bá sùn, Omíyalé a máa wo irun funfun rẹ̀, a sì máa ka èyí tí ó hù ní ọdún náà.