Ìwé Ìdọ̀tí Onímọ̀ Àgùàlà

Onímọ̀ kan wà lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa wo afẹ́fẹ́ ayé tí kì í ṣe tiwa. Àgùàlà ló ń wò, ìràwọ̀ títàn yẹn tó máa ń yọ lẹ́bàá oṣù bí oòrùn bá ti wọ̀. Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni. Wọ́n ní àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ayé kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa, ìkùukùu sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Lókè téńté, níbi tí ìkùukùu náà parí sí, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó máa ń ta ni nímú bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná. Ọkùnrin yìí fẹ́ mọ ìdí tí imí-ọjọ́ náà fi ń pọ̀ lọ́dún kan, tó sì ń dín kù lọ́dún kejì. Ó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún wá ìdí rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni, àwọn tó gbọ́n jù wá lọ ló ń ṣe é.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ wa tó ń wo ayé mìíràn, inú afẹ́fẹ́ tiwa ni ojú rẹ̀ yóò gbà kọjá, bí ẹni ń wo ìta láti ojú fèrèsé tí eruku bò. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí onímọ̀ tó kọjú awò ńlá rẹ̀ sí Àgùàlà, yóò kọ́kọ́ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò wọn imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ tiwa, yóò kọ ọ́ sínú ìwé kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn ti Àgùàlà, yóò sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù ló ń kọ sínú ìwé aláwọ̀ ewé, èyí tí àwọn yunifásítì òkè òkun máa ń bèèrè. Èyí tó ń kọ ti afẹ́fẹ́ tiwa sí, ìwé ìdọ̀tí ló ń pè é. Bí ó bá ti kún, yóò jù ú sínú àpótí lábẹ́ tábìlì, kò sì ní ṣí i mọ́.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, láfún tó ń sá sórí àpáta ló sì fi rán an lọ sílé ìwé. Lọ́dún kan, àwọn àjèjì wá kọ́ ilé ìléru sẹ́yìn àpáta náà, wọ́n ń yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó ń ta ni lọ́fun. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin tó ń sá láfún lórí àpáta náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n gun òkè wá, ó ń dúró mí ní gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ó tú aṣọ tó dì mọ́wọ́. Láfún ẹ̀kúnwọ́ kan ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti eérú.

“Àdìgún, wo ohun tó ń bọ́ sórí oúnjẹ wa.”

“Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ̀gbọ́n mi. Eruku ọyẹ́ ni.”

“Mo ti mọ eruku ọyẹ́ kí wọ́n tó bí ọ. Èyí tó wà lára láfún, mo lè gbọ̀n ọ́n. Èyí tó wà láyà mi ńkọ́? Ta ni yóò bá mi gbọ̀n ọ́n?”

Ó bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó fi awò ńlá náà bá àwọn wo afẹ́fẹ́ ìlú. Onímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní awò òun kì í wo ìsàlẹ̀, òkè ni wọ́n ṣe é fún. Ó bu omi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà sídìí iṣẹ́. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, nítorí ká ní ìkà ni, ì bá rọrùn láti sọ.

Àwọn obìnrin náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ń sọ: “Ẹ̀rí dà? Ta ló wọn afẹ́fẹ́ yín kí ìléru tó dé? Ta ló wọ̀n ọ́n báyìí?” Ikọ́ ni wọ́n ní, ikọ́ kì í sì í ṣe ìwé. Ẹ̀gbọ́n kò tún gun òkè lọ sọ fún àbúrò rẹ̀. Ẹni tí a fọ̀rọ̀ lọ̀ tó rẹ́rìn-ín, ó ṣòro láti tún fi lọ̀ ọ́.

Lórí òkè, onímọ̀ náà ń ráhùn tirẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìdọ̀tí tí òun ń yọ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, pé ó ń gba òun lákòókò. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti ń wá.

Lọ́dún kẹjọ ìléru, ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀sán gangan ni àbúrò rẹ̀ débẹ̀. Dókítà, obìnrin kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀dọ̀fóró ìyá náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

“Àwọn ni ẹni kọkànlá láti ibi àpáta yẹn. Ká ní ẹnì kan ti ń wọn imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo, à bá ti pa iná ibẹ̀ láti ọdún kejì.”

Ọkùnrin náà gun òkè padà, ó fa àpótí abẹ́ tábìlì jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ka ìwé ìdọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Títí di oṣù tí wọ́n dáná ìléru, iye náà kò gòkè, kò sì sọ̀. Láti oṣù yẹn ló ti ń gòkè. Ìrọ̀lẹ́ ọdún mẹ́jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́.

Ó gbé àwọn ìwé náà lọ sẹ́bàá ibùsùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́.

“O mọ̀ ọ́n?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Mo kọ ọ́ ni. N kò kà á.”

Obìnrin náà ń wá èémí. “Ọjọ́ tí mo gbé láfún wá. Ka ti ọjọ́ yẹn fún mi.”

Ó ṣí i. Iye ọjọ́ náà ló ga jù lọ lọ́dún yẹn. Ó ti kọ nǹkan sí etí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó ní kékeré bí ó bá fẹ́ purọ́. Ó kà á síta: “Ìdọ̀tí pọ̀ lónìí. Mo ti yọ ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ògiri. Kò bú u. Ó kú lọ́jọ́ kẹta, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìwé ìdọ̀tí ni wọ́n fi ti ìléru náà pa kí oṣù méjì tó pé. Láfún ti padà funfun lórí àpáta, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń sá a. Wọ́n ṣì ń yin ìwé aláwọ̀ ewé lókè òkun. Onímọ̀ náà kò lè wo Àgùàlà mọ́. Bí ó bá ti yọ nírọ̀lẹ́, yóò ti fèrèsé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kì í ṣíwájú rí.

Ìwọ ni mo ń pa àkàwé yìí fún, àbúrò mi. O jókòó sórí àga yìí lánàá, o ń sọ bí o ṣe ń bójú tó ìjọ mẹ́fà láìsinmi. O ní ohun kan ṣoṣo tó ń dí ọ lọ́wọ́ ni ìyàwó rẹ tó ń ráhùn láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n o ti kọ́ bí a ṣe ń yọ ohùn rẹ̀ kúrò lọ́kàn kí o tó gbàdúrà. O rẹ́rìn-ín bí o ṣe sọ ọ́. Mo bi ọ́ ní ohun tó ń ráhùn lé lórí, o kò lè sọ. Dìde, máa lọ sílé. Má gbàdúrà kankan lónìí kí o tó bi í ní ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Bí ó bá ní òun kò ní nǹkan í sọ mọ́, má ṣe dìde níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún ọ.