Ayò Tí Ọ̀yà Kó Lé Òkété Lọ́wọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi kò fò lókè, kò wẹ̀ lódò. Inú koríko ló gbà, ó lọ bá Ọ̀yà, ọ̀ta ayò, àti Òkété aládùúgbò rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, abẹ́ igi ọdán ni àwọn ẹranko ti ń ta ayò. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Ọmọdé kì í dìde fi àgbà sílẹ̀ nídìí ọpọ́n kí ayò tó parí. Ẹni tó bá rí i pé òun ti pàdánù lè kó ọmọ ayò tó kù lé ẹnìkejì lọ́wọ́, kí ó ní, “O jẹ mí.” Ayò parí nìyẹn.

Ọ̀yà kò sọ ọ́ rí. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti Òkété jókòó ti ọpọ́n. Òkété ta, ó jẹ. Ó ta, ó jẹ. Ó ta, ó tún jẹ. Ọmọ ayò mẹ́ta péré ló kù níwájú Ọ̀yà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń wòran lórí igi bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Ọ̀yà, ọ̀ta ń di ọ̀pẹ o!”

“Panu mọ́!” ni Ọ̀yà dá a lóhùn. “Ìdí rẹ ló wà lókè, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ.”

Ọ̀yà mú ọmọ ayò kan, kò ta á. Ó ń yí i po lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti rí èéfín lókèèrè. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, orin ló kù:

Ọ̀yà, tú ayò ká o,
*Kéréńbẹ́, iná ń bọ̀.*
Iná wà lẹ́yìn òkè o,
*Kéréńbẹ́, iná ń bọ̀.*
Ọmọ wà nínú koríko,
*Kéréńbẹ́, iná ń bọ̀.*

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta á,” ni Òkété wí. “Àwọn ọmọ mi ń ṣa ẹyìn ní pápá.”

“Mò ń ronú.”

Kò ronú ayò. Ohun tó ń rò ni pé bí iná bá tú àwọn ká, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ pé wọ́n jẹ òun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọrin lẹ́ẹ̀kejì: iná ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mò ń ronú.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọrin lẹ́ẹ̀kẹta: iná ti wọ pápá. Ọ̀yà wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ Òkété ti gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò, síbẹ̀ kò dìde. Ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ojú ti Ọ̀yà.

Ó kó ọmọ ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi wọ́n sí Òkété lọ́wọ́.

“O jẹ mí. O ta á dáadáa. Dìde, sáré!”

Òkété da gbogbo ọmọ ayò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sáré lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀yà náà kó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò kó wọn sí? Koríko nilé rẹ̀, koríko sì ni iná ń jẹ.

Òkété yọrí lẹ́nu ihò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. “Bàbá, ẹ kó wọn wọlé! Ihò yìí gbà wá.”

Wọ́n wọlé. Iná kọjá lórí wọn. Nínú òkùnkùn, Ọ̀yà fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pé.

“Òkété, o ṣeun.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ tètè dá mi sílẹ̀.”

Ọ̀yà mọ̀ pé òun kò tètè.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọpọ́n ti di eérú. Òkété tu ọmọ ayò sílẹ̀, ọ̀kan kò dín. Ó fọwọ́ gbẹ́ ihò méjìlá sínú eérú tútù.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ta. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ta.”

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. “Ọ̀ta,” ló pè é, “mo dúpẹ́.”

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tí ayò bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, kí ó tètè gbà. Ẹni tó bá sì jẹ, kí ó má yangàn. Ayò yóò tán, aládùúgbò yóò kù.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi gbe orin rẹ̀.