Àdá Tó Dí Ihò Òkété

Àlọ́ o.
Àlọ̀ọ̀.
Àlọ́ mi já gììrì, ó bọ́ sẹ́nu ihò Òkété. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kò dùn.

Ojú méjì ni òkété máa ń gbẹ́ ihò sí: á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn sá lọ. Ṣùgbọ́n Òkété tèmi yìí fẹ́ràn ohun èlò ọdẹ. Ó rí okùn he, ó kó o sójú ẹ̀yìn. Ó rí àtùpà, ó gbé e síbẹ̀. Nígbà tó wọ́ àdá dé, ìyàwó rẹ̀ fi orin bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi gbè é:

Baba Àyọ̀ká, ihò ń dí o,
Jáńjálá.
Èékánná la mú wáyé,
Jáńjálá.

Òkété ní, “Ìyá Àyọ̀ká, ta ló tún ń fi èékánná walẹ̀ láyé ìsinsìnyí?”

Ọyẹ́ mú, àwọn ọdẹ tiná bọgbó. Òkété ti jáde lọ wá àpò tí yóò kó ẹrù rẹ̀ sí, ó fi ìyàwó àti Àyọ̀ká ọmọ wọn sínú ihò. Kó tó sáré dé, iná ti gba ojú iwájú. Ó sáré yí lọ sójú ẹ̀yìn, ó fa okùn, okùn lọ́ mọ́ àtùpà. Ó fa àtùpà, ó há mọ́ àdá. Ó fa àdá, àdá dábùú ihò. Ó wá fi èékánná walẹ̀, èékánná tí kò ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí kán.

Ó ń gbọ́ orin nínú èéfín:

Baba Àyọ̀ká, ihò ti dí o,
Jáńjálá.

Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí iná kú, àdá nìkan ni kò jó. Òkété fi gbẹ́ sàárè méjì. Àdá náà mú, ó walẹ̀ dáadáa.

Ẹ má gbè é mọ́. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí, kò tíì dìde.