Ọsàn Tí Ó Sá Kúrò Lẹ́yìnkùlé Mi

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin baba onírùngbọ̀n, mo kí yín bí a ti í kí ẹni tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Èmi Akínṣọ̀wọ́n, ọdẹ Òkè-Abà, ọmọ ìlú tí kò sí ilé tí kò ní igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, ni mo ń sọ̀rọ̀. Ìka mẹ́ta ni ó kù lọ́wọ́ òsì mi yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí méjì ṣe lọ.

Ìyàwó mi, Ìbíwùmí, ni ó gbin ọsàn náà. Ọdún méje, kò so. Ẹ sì mọ àṣà wa: bí igi bá yàgàn, ọkọ á gbé àdá, á ṣá a lára díẹ̀, á ní òun yóò gé e, ìyàwó á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, "Dá a sí, olówó orí mi. Yóò so lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀." Lọ́dọọdún ni a ń ṣe é, ẹ̀rín ni a sì fi ń parí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo sin Ìbíwùmí, èmi nìkan ni mo gbé àdá. Kò sí ẹni tí ó dì mí lọ́wọ́ mú, ìbànújẹ́ sì ti gùn mí bí ẹni gun ẹṣin, ni mo bá ń ṣá igi náà títí omi pupa fi tú lára rẹ̀ bí ìgbà tí a dúńbú àgbò. Igi náà ké. Ó fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí arúgbó tí ń yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì sá wọ igbó. Ohun kan ṣoṣo tí aya mi fi sílẹ̀ fún mi ni ó ń lọ yẹn. Mo tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Abẹ́ àràbà kan ni mo ti bá a. Ó ti so, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ balẹ̀, àmọ́ akọ ìnàkí kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin jókòó sí ìdí rẹ̀, ó ń mu ọsàn. Mo kí i, mo ní mo wá gba igi mi. Ó tu kóró sí mi lójú.

Ó ní, "Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ yín láti orí igi ẹ̀yìn ilé yín. Ta ni ó dì ọ́ lọ́wọ́ mú lọ́dún yìí?"

Mo yìnbọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ọta, ó jù ú nù. Ó fò mọ́ mi, ó gé ìka mi méjì jẹ, ó gbé wọn mì. Mo fi orí kàn án, eyín rẹ̀ mẹ́rin dà sílẹ̀. Mo ṣá a léjìká, ó fọ́ mi ní egungun ìhà. A ń yí nínú ẹ̀jẹ̀ títí koríko ibẹ̀ fi pọ́n. Nígbẹ̀yìn mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, mo gbé àdá sókè láti bẹ́ ẹ lórí.

Nígbà náà ni abo rẹ̀ jáde, ó rọra di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dá a sí, olówó orí mi. Yóò so lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu aya mi ni ó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí aya mi máa ń dì mú gan-an ni ó dì mú.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó láàárín àwọn méjèèjì, mo mú àdá náà, mo fi bó ọsàn mẹ́ta. Ó dùn. Lẹ́yìn náà igi náà gbọnra, ó ṣáájú mi lọ bí ewúrẹ́ tí ó mọ ọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àdá mú, kí ni yóò fi fà á? Kí ẹ tó gbé àdá, ẹ wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan wà tí yóò dì yín mú. Bí kò bá sí, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ọsàn wà nínú agbọ̀n yẹn. Kí kálukú mú ọ̀kan bí ó bá ń lọ. Ilé á gbà yín o.