Ògúndáhùnsi Amìlé-kílẹ̀-tó-mì-ín àti Bí A Ṣe Dé Òkè-Agbọ̀n

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá wa kí ó tó yé wọn pé ibi tí wọ́n jókòó sí kò dára. Odò-Amọ̀ ni orúkọ ìlú wọn nígbà náà, ní àfonífojì tó wà láàárín òkè méjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, amọ̀ rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú mìíràn fi ń rìn jìnnà wá bù ú. Ilé ńlá ni wọ́n ń gbé, ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì ga. Ìlú tó bá fẹ́ bá wọn díje, kó yáa lọ wá amọ̀ tirẹ̀. Ohun tó kó bá wọn ni àṣejù ọgbọ́n. Inú yàrá ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí láyé ìgbà náà, nítorí náà nígbà tí ilẹ̀ kọ́kọ́ mì, wọ́n ní àwọn bàbá tó wà nísàlẹ̀ ló ń yí ara padà, pé ilé tó wà lórí wọn kéré sí ipò wọn. Ni wọ́n bá tún ilé mọ, wọ́n fi ìpele méjì kún ògiri. Ilẹ̀ tún mì, ilé wó, èèyàn mẹ́fà kú. Wọ́n fi ìpele méjì mìíràn kún un. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí mo fi rántí pé ìran tèmi wà lára àwọn tó po amọ̀ náà.

Ẹni tó ń mọ ògiri wọ̀nyí fún wọn ni Ògúndáhùnsi, ọkùnrin gíga, abọwọ́-le-bí-èèpo-igi, ẹni tó lè fi ojú lásán wo ògiri kó sì mọ̀ pé ó fi ìbú ìka kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí agbolé pàtàkì kan ní Odò-Amọ̀ tí kì í ṣe òun ló mọ ọ́n. Ìgbà tí ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kẹta, ògiri tó nípọn jù lọ nínú gbogbo ìlú, èyí tó mọ fún Ògúnjìnmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wó pa ẹ̀gbọ́n náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hú u jáde. Kò sunkún lójú èèyàn, àmọ́ ó ní òun kò ní mọ ògiri fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí òun yóò fi mọ ìdí tí ògiri fi ń pa onílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ahunagbọ̀n, ń palẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìkòkò mọ́kànlá tó wà lórí pẹpẹ ti fọ́ yángá. Àwọn agbọ̀n tó já bọ́ láti orí pẹpẹ kan náà wà nílẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ògúndáhùnsi mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fún un, agbọ̀n náà sì padà sí bó ṣe wà.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, kí ló dé tí èyí kò fọ́?”

Obìnrin náà ní, “Kí ni yóò fọ́ fún, baálé mi? Bí ẹ bá tì í, á gbà fún yín, á sì padà sáyè ara rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ìkòkò lẹ̀ ń mọ láti ọjọ́ yìí, tí ẹ ń pè é ní ilé.”

Ọkọ rẹ̀ kò bínú. Ó jókòó ti agbọ̀n náà títí oúnjẹ fi tutù, Àwẹ̀ró sì jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó yá pé ẹ̀rù ba òun, pé òun rò pé orí ọkọ òun ti dàrú ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Ọ̀nà tó gbà wá a nìyí, a kò sì tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Ó bu omi kún igbá dẹ́nu, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí ọkùnrin mẹ́rin gbé ìtì igi sókè kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀ sí i. Ní àárín Odò-Amọ̀, omi náà ta sókè, ó dà sílẹ̀. Ní etídò, ìdajì rẹ̀ dà nù. Ìsàlẹ̀ òkè ìlà-oòrùn dára díẹ̀, àmọ́ àwọn òkúta ńláńlá wà lókè tó lè yí wálẹ̀ wá di àlejò onílé, Ògúndáhùnsi sì ní òun kò fẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ibi méje ló dé. Ní èjìká òkè ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àpáta ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sí òkúta lórí rẹ̀, tí erùpẹ̀ kò sì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, wọ́n ju igi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, omi inú igbá kàn ṣẹ́jú ni, kò dà. Ó pe àwọn ará ìlú jọ.

Ó dìde níwájú Baálẹ̀ Akínyẹdé, ó sì sọ̀rọ̀: “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo mọ ògiri tó pa ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó bú mi; èmi ni mò ń bú ara mi. Ẹ ní àwọn bàbá wa ló ń bínú. Èwo nínú wọn ló le tó bẹ́ẹ̀, tí yóò máa wó ilé pa ọmọ tó bí? Orí sàréè bàbá wa ni Ògúnjìnmí ń sùn. Mo mọ bàbá mi. Kò lè ṣe é. Ilẹ̀ yìí ló rọ̀, ilé wa ló wúwo. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí àpáta, ká hun ilé, ká má mọ ọ́n mọ́.”

Baálẹ̀ ní, “O sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n àpáta kò ṣeé gbẹ́ sàréè. Bí a bá lọ, ta ni yóò máa bá àwọn bàbá wa gbé níbí? Ṣé ewúrẹ́ ni? Àti pé inú agbọ̀n lo fẹ́ kí èmi Akínyẹdé máa sùn, bí adìẹ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà?”

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ti agbọ̀n kò ṣòro fún Ògúndáhùnsi láti dá lóhùn, ṣùgbọ́n ti àwọn bàbá, kò ní èsì. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó sì lọ sílé. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé kò purọ́.

Ọjọ́ kẹta ló padà wá pẹ̀lú aṣọ tó dì mọ́ nǹkan. Ó ní, “Erùpẹ̀ orí sàréè ẹ̀gbọ́n mi àti ti bàbá mi rèé. Màá pò ó mọ́ amọ̀ tí n ó fi rẹ́ ilé mi. Abẹ́ ẹsẹ̀ ni a fi wọ́n sí títí di òní. Ó wù mí kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ẹni tó bá fẹ́, kó bu ti bàbá tirẹ̀, ká jọ lọ.”

Agbolé méjìdínlógún tẹ̀ lé e. Baálẹ̀ kò lọ, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ri òpó mọ́ àwọn pàlàpálá àpáta, wọ́n fi ọparun hun ògiri láàárín wọn, Àwẹ̀ró ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tú èyí tí àwọn ọkùnrin hun bàjẹ́. Ilé kúkúrú ni, koríko fífúyẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó fi amọ̀ rẹ́ ti àkọ́kọ́, Ògúndáhùnsi ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ pé kó bá òun mì ín wò. Baálẹ̀ fi ayọ̀ wá, ó kó àwọn àna rẹ̀ mẹ́fà tó sanra dání. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n fi ẹ̀yìn gún un, títí fìlà Baálẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Ilé náà ń jó lọ, ó ń jó bọ̀, kò wó. Baálẹ̀ gbọn fìlà rẹ̀, ó ní agbọ̀n náà gbìyànjú, ó sì padà sí Odò-Amọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò ìgbìn ni ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kẹrin, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú mi dùn láti kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó kú, nítorí oko ni ọ̀pọ̀ èèyàn ìsàlẹ̀ wà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ wà lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣan ojú, kò sí ilé mọ́ ní Odò-Amọ̀. Ó wo òkè. Ilé méjìdínlógún ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, amọ̀ ara wọn ń jábọ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn sì wà ní ìdúró.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gun òkè dé iwájú Ògúndáhùnsi. Ìró kan ṣoṣo ló so mọ́ra, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdì kékeré kan mú.

Ó ní, “Dáhùnsi, níbo ni n ó gbé bàbá mi sí?”

Ìgbà yìí ni Ògúndáhùnsi tó sunkún lójú èèyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gba ìdì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé Baálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Báyìí ni a ṣe di ará Òkè-Agbọ̀n, tí orúkọ tí wọ́n fi ń fi wá ṣẹ̀sín di oríkì wa. Títí dòní, a kì í rẹ́ ilé tí a kò tíì mì. Onílé á pe àna, á pe ọ̀rẹ́, á sì rí i dájú pé ó pe ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun ló máa ń tì í jù. Wọ́n mì tèmi náà. Ìyá ìyàwó mi nìkan ló mú kí òpó kan dún, a sì tún ibẹ̀ hun.

Nígbà tí Ògúndáhùnsi darúgbó, ó ní kí wọ́n sin òun sí Odò-Amọ̀ lọ́dọ̀ àwọn yòókù, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ lé òun lórí dáadáa, kí ilé tuntun kọ̀ọ̀kan lè máa rí ẹ̀kúnwọ́ kan bù. Òkìtì tí wọ́n kó lé e ga ju èèyàn lọ. Ní báyìí, kò dé orúnkún mi mọ́. Mo bi Baálẹ̀ tó wà lórí oyè pé kí ni a ó ṣe bó bá tán. Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n.

Ó ní, “Ìgbà yẹn, bàbá á ti kó wọlé tán.”