Aláìfọwọ́kàn Ìlú Àìléèérí

Ẹ ti fura pé ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kò ní rúbọ. Òótọ́ ni ìfura yín. Bí gbogbo ẹni tí Ifá bá bá sọ̀rọ̀ bá ń gbọ́ràn, kí ni àwa ì bá máa rí sọ? Àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe pé ó kọ ẹbọ. Ó ṣe ohun tó burú ju kíkọ̀ lọ: ó fi rán ènìyàn.

Ọwọ́ tó mọ́ jù kì í mọ adùn ọbẹ̀,
Ẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ kì í mọ ọ̀nà ilé,
Ìjókòó kò ṣòro, ìdìde ló nira,
A díá fún Ọláfimíhàn, ìjòyè Àìléèérí,
Níjọ́ tó ń fẹ́ ipò tí ẹnì kan kì í bá ẹnì kan pín.

Ìlú olódi gíga ni Àìléèérí. Òrìṣà kan ṣoṣo ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i rí, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí kò fẹ́. Kò fẹ́ ìdọ̀tí. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ṣe jìnnà sí ọwọ́ ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ṣe súnmọ́ òrìṣà tó. Àwọn agbépóò tó ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbẹ̀ àti amọ̀kòkò lé wọn díẹ̀, àwọn ahunṣọ lé àwọn yẹn. Bí ènìyàn bá ti ń gòkè ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kó má fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Tó bá yá, wọ́n á ní kó má fọwọ́ kan omi. Tó bá wá di ìjòyè, kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè. Wọ́n á fún un ní Arọ́pò, ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ, tí yóò máa so ṣòkòtò rẹ̀, tí yóò sì máa bá a họ ẹ̀yìn. Ohun tí Arọ́pò bá ṣe, òfin ní ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe é.

Lókè téńté ni ìjókòó Aláìfọwọ́kàn wà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ láyé, ì báà ṣe eṣinṣin tó bà lé e nímú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ní Àìléèérí, Etí Òrìṣà á gbọ́. Àwọn Etí yìí, amí òrìṣà, wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n wà létí odò. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ tó ń ráhùn, póò ló kàn án láti gbé.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Aláìfọwọ́kàn kú. Ariwo sọ, ìlú gbóná. Àṣà wọn ni pé ìjòyè méjì ni wọ́n ń fà kalẹ̀ fún ìjókòó náà. Ọ̀kan a gòkè, èkejì a di agbépóò, kí òrìṣà má bàa rò pé ìlú ń ṣiyèméjì. Ọláfimíhàn wà nínú àwọn méjì yìí. Ó ní bí òun bá pàdánù, òun tí òun kì í fọwọ́ kan omi ni yóò ru ìgbẹ́ aládùúgbò òun.

Òfin ti lé àwọn awo jáde nílùú, abà ni wọ́n ń gbé lẹ́yìn odi. Ọláfimíhàn ní kí wọ́n fi àga gbé òun lọ bá wọn ní bòókẹ́lẹ́.

Àwọn awo ní, "Ọláfimíhàn, ipò náà, tìrẹ ni. Ifá ò bá ọ sọ̀rọ̀ àtigòkè rárá. Ọ̀rọ̀ àtisọ̀kalẹ̀ ló ń sọ. Wá ẹyẹlé, epo, iyọ̀ àti àkàrà tó pọ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e. Fi ọwọ́ ara rẹ bọ́ gbogbo àwọn tó ń sìn ọ́, kí o lè rí ẹni nà ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ dìde."

"Tìrẹ ni" nìkan ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Atẹ́gùn oko ló gbọ́ ìyókù. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń kọrin lórí àga.

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún Àrìnpé ìyàwó rẹ̀. Àrìnpé ní, "Olówó orí mi, ẹyẹlé ni wọ́n ní kí ẹ gbé, wọn ò ní kí ẹ gbé òkè."

"Bí Etí Òrìṣà bá rí ẹyẹlé lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ẹ gbé ẹyẹlé."

"Wọ́n á ní mo fọwọ́ kan ẹran. Ọ̀tá mi a gun orí ìjókòó, ìwọ náà a di ìyàwó agbépóò."

Ó ké sí Arọ́pò rẹ̀, Ọ̀jẹ́lékè, tó bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn awo. "Lọ bá mi rú ẹbọ yìí."

"Bàbá, ṣé wọn ò ní ọwọ́ ara yín ni?"

"Kí ni òfin wí nípa ohun tí o bá ṣe?"

"Òfin ní ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Ó parí."

"Bí mo bá jẹ nínú àkàrà náà ńkọ́, bàbá? Ṣé ẹ̀yin lẹ ó yó?"

"Òfin ní mo yó," ni Ọláfimíhàn wí.

Ọ̀jẹ́lékè gbé ẹbọ náà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ pín àkàrà fún agbépóò, fún àgbẹ̀, fún amọ̀kòkò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìlú náà, àwọn ènìyàn yìí kò jẹun pọ̀ rí, èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ ìjòyè ni ti ọjọ́ yìí. Etí Òrìṣà kan yọ́ wá láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀jẹ́lékè fi àkàrà gbígbóná sí i lọ́wọ́.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ agbépóò, Dádéowó lorúkọ rẹ̀, bi Etí náà pé, "Ọkọ mi, kí lẹ tún gbọ́ láti àná?"

Etí náà jẹ àkàrà tán kó tó fèsì. "Ìyá, gbogbo yín lẹ ń ráhùn. Èmi náà ń ráhùn. N ò mọ ẹni tí n ó lọ fi sùn mọ́."

Ẹ̀rín bú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n wo ara wọn lójú. Amọ̀kòkò ní àwọn bàbá òun ló mọ odi. Etí ní àbúrò òun ló ń ṣọ́ ibodè. Àgbẹ̀ ní ilẹ̀ ọlọ́ràá kan wà lódìkejì odò, kò ní olúwa. Ẹnikẹ́ni kò gbèrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n túká.

Ọjọ́ ìfinijoyè pé. Òrìṣà mú Ọláfimíhàn, bí Ifá ṣe wí gẹ́lẹ́. Háà, ìlú mì tìtì. Aṣọ funfun bo ìgboro, àwọn ènìyàn ń fò sókè, wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí iyàrá òrìṣà, wọ́n gbé e ka ìjókòó, wọ́n jáde, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ariwo ayọ̀ yẹn ni àwọn ará ìsàlẹ̀ fi bo ìró ẹsẹ̀ wọn. Agbépóò ló ṣíwájú. Àgbẹ̀ tẹ̀ lé e, ahunṣọ tẹ̀ lé àgbẹ̀. Àwọn Arọ́pò jáde, àwọn Etí jáde. Àrìnpé fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù, ó rù ú, ọrùn ń ro ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìjòyè tó pàdánù wà láàárín wọn, ó gbé póò rẹ̀ dání, nítorí kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé ó lè jù ú nù.

Wọ́n tẹ̀dó sódìkejì odò. Kò pẹ́ tí ebi fi lé àwọn ìjòyè tó ṣẹ́ kù náà wá bá wọn. Iṣu ta, ọmọ pọ̀. Ọ̀jẹ́lékè ni wọ́n fi jẹ olórí, bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ẹ́, á dìde lọ bu omi. Ó ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo, àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn awo òun ṣe wí: ọwọ́ tó bá gbé ẹbọ ni ire ń wá sí. A kì í rán ènìyàn lọ gba ire ẹni wá. Bó bá gbà á, tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn délẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín rúbọ.

Ọláfimíhàn pe Ọ̀jẹ́lékè pé kó wá ṣílẹ̀kùn. Ó pe Àrìnpé. Nígbà tó yá, ó ń pe òrìṣà. Kò sí ẹni tó dáhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, ọdẹ kan tó ń kọjá wọ ìlú tó dá páropáro náà. Ó fi èjìká gbún ilẹ̀kùn iyàrá òrìṣà, ó bá òkú ìjòyè lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn náà kò tì.