Lọ́yà Tó Gba Olè Sílẹ̀

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Láyé àtijọ́, ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kilẹ́mù pé ó jí ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́yà Háskìn gbèjà rẹ̀, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé Kilẹ́mù. Adájọ́ dá a sílẹ̀. Orúkọ lọ́yà gbòde, títí ó fi jáde du ipò gómìnà.

Bó ṣe ń sọ fáwọn ará ìlú pé òun ò purọ́ rí, inú Kilẹ́mù dùn, ó fò dìde láàárín èrò: “Ẹ dìbò fún ọ̀gá mi! Èmi ni mo jí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Lọ́yà mi mọ̀, síbẹ̀ wọ́n gbà mí sílẹ̀. Itan ẹlẹ́dẹ̀ náà ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!”

Igbe ẹlẹ́dẹ̀ làwọn èrò fi sin lọ́yà sọ̀kalẹ̀ lórí ìtàgé.